Ọ̀kẹ́rẹ́ Tó Sọ̀kalẹ̀ Nítorí Ìfẹ́

Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á fò sẹ́yìn. Ní ilé tí ọmọbìnrin yìí ti dàgbà, òpó iná ni ejò wọn. Òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ iná ni baba rẹ̀, orí òpó ló sì ti já bọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí ọmọ náà ṣì ń di etí aṣọ ìyá rẹ̀ mú kó tó lè rìn. Látìgbà náà ni ìyá rẹ̀ kì í ti í gba abẹ́ òpó kọjá. Bó bá ti kan òpó, á yà sí òdìkejì títì, ì báà jẹ́ pé ibẹ̀ gan-an ni ẹrẹ̀ wà.

Nígbà tí ọmọ náà tójúúbọ́, ó ríṣẹ́ sí ilé búrẹ́dì kan. Òun ló ń po ìyẹ̀fun, tó ń gé e, tó ń tò ó sínú agolo. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ sọ ọ́ ní Ìwúkàrà. Wọ́n ní bí inú bá bí i, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa wú, títí yóò fi kún agolo, tí yóò sì ru jáde. Kò bá wọn jà sí i, ó ń jẹ́ ẹ. Obìnrin àgbà tó ń bójú tó iná, tí gbogbo wọn ń pè ní Ìyá Ààrò, máa ń sọ pé orúkọ yẹn ló máa fa ọkọ wá fún un, torí kò sí ọkùnrin tó máa gbọ́ ọ tí kò ní fẹ́ mọ ìdí.

Lọ́jọ́ kan, wáyà já lórí òpó tó wà níwájú ilé búrẹ́dì. Ẹ̀rọ dákẹ́, ìyẹ̀fun tutù sínú ọpọ́n, ọ̀gá wọn ń rìn síwá sẹ́yìn bí adìyẹ tó fẹ́ yé. Ọkùnrin kan dé láti ilé iṣẹ́ iná, ó gbé bẹ́líìtì aláwọ kọ́ ìbàdí. Ó dúró nídìí òpó, ó ṣí fìlà, ó sọ nǹkan wúyẹ́wúyẹ́, ó dé fìlà padà. Kí wọ́n tó ṣẹ́jú, ó ti wà lókè.

Ìyá Ààrò ní, "Ẹ wo ọ̀kẹ́rẹ́." Bí orúkọ yẹn ṣe mọ́ ọn lórí nìyẹn.

Ìwúkàrà ò wò ó. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó di ojú rẹ̀ pinpin, ìyẹ̀fun funfun dé ìgúnpá rẹ̀. Kò la ojú àfìgbà tó gbọ́ tí bàtà ọkùnrin náà kanlẹ̀.

Ọkùnrin náà ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí ẹ dijú?"

"Mò ń gbàdúrà ni."

"Fún ta ni?"

"Fún ẹni tó wà lókè."

"Ẹni méjì ló wà lókè lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀kan nínú wa ò nílò àdúrà."

Ẹ̀rín pa á lójijì. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ìyẹ̀fun sì kùn ún nímú. Ọkùnrin náà ò sọ fún un pé imú rẹ̀ funfun. Ó kàn ń wò ó bí ẹni tó rí ohun tí kò wá.

Lọ́jọ́ kejì, Ọ̀kẹ́rẹ́ wá ra búrẹ́dì. Lọ́jọ́ kẹta, ó tún wá. Nígbà tó yá, Ìyá Ààrò pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé búrẹ́dì lo fẹ́ fi mọlé ni? Bó bá jẹ́ pé ọmọ tó ń po ìyẹ̀fun lo wá rí, ààrò ò gbà pé kí èèyàn máa fòòró òun lásán."

Báyìí ni Ìyá Ààrò ṣe di alárinà wọn. Ọ̀kẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dúró de Ìwúkàrà lẹ́yìn iṣẹ́, wọn á jọ máa rìn lọ sílé, wọn á gba ọ̀nà tó jìn jù. Ó ní ọ̀yàyà, ó sì lè dákẹ́ pẹ̀lú. Ìwúkàrà bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló máa ń sọ nídìí òpó kó tó gùn ún.

"Mo máa ń sọ pé, 'Olúwa, èmi di okùn mú, ìwọ di èmi mú.'"

"Tí okùn bá já ńkọ́?"

"Èmi ni mo di okùn mú. N kò sọ pé okùn ló di èmi mú."

Ọ̀rọ̀ náà dùn létí Ìwúkàrà, àmọ́ kò wọ̀ ọ́ nínú. Lálẹ́, bó bá ti gbórí lé ìrọ̀rí, ọkàn rẹ̀ á máa gun òpó káàkiri ìlú. Bó bá gbọ́ pé ìjì ń jà, kò ní lè gé ìyẹ̀fun dọ́gba. Síbẹ̀, nígbà tí Ọ̀kẹ́rẹ́ ní òun fẹ́ ẹ, kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní kó wá rí ìyá òun.

Alágbàfọ̀ ni ìyá rẹ̀. Ó ń lọ aṣọ lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n wọlé, ooru áyọ́ọ̀nù gba gbogbo yàrá. Ó fi àga kan lọ Ọ̀kẹ́rẹ́, ó bi í léèrè ìdílé rẹ̀, ó bi í léèrè ìjọ rẹ̀, ojú rẹ̀ sì ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bi í pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe.

"Iṣẹ́ iná ni, mà. Orí òpó."

Ìyá náà gbé áyọ́ọ̀nù nàró. Kò wo Ọ̀kẹ́rẹ́, ọmọ rẹ̀ ló wò. "O mọ̀, o sì mú un wá jókòó sórí àga baba rẹ."

"Màámi, ẹ jẹ́ kó sọ tẹnu rẹ̀."

"Kò ṣẹ̀ mí. Ọmọ dáadáa ni, mo rí i." Ó wá kọjú sí ọkùnrin náà. "Ọmọ mi, mi ò bínú sí Ọlọ́run o, kí o má ṣì mí gbọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ tí ọkọ mi kú, èmi àti ẹ̀ jọ gbàdúrà ni. Ó ní kí Ọlọ́run ṣọ́ òun, mo ṣe àmín. Ó jáde, kò wọlé mọ́. Mo ṣì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo ṣì ń ṣe àmín. Àmọ́ àmín tí mo ti ṣe lórí ọ̀rọ̀ òpó tó. Mi ò ní ṣe òmíràn kún un."

Ọ̀kẹ́rẹ́ ò jiyàn. Ó dìde, ó dúpẹ́, ó jáde.

Ìyá Ààrò lọ bẹ̀bẹ̀. Ó lọ ní ẹ̀ẹ̀kan, ó lọ ní ẹ̀ẹ̀kejì, ó gbé búrẹ́dì gbígbóná dání, ó sọ̀rọ̀ títí ẹnu rẹ̀ fi gbẹ. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló tó rí ìdáhùn mú bọ̀: bí ọkùnrin náà bá lè sọ̀kalẹ̀, kó wáṣẹ́ ilẹ̀ ṣe, kó máa bọ̀ wá fẹ́ ọmọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá di ti Ìwúkàrà nìyí. Ó lè sọ pé, "Màámi, mo gbà á bó ṣe wà." Ó mọ̀ pé bí òun bá dúró lórí rẹ̀, ìyá òun á sunkún, á sì gbà lẹ́yìn-ọ-rẹyìn. Àmọ́ nígbà tó gbọ́ iṣẹ́ tí Ìyá Ààrò mú wá, ìtura ló bá a, kì í ṣe ìbínú. Ẹ̀rù tó ti ń gbé kiri lábẹ́ aṣọ, ìyá rẹ̀ ti bá a fi ẹnu sọ ọ́.

Ó bá Ọ̀kẹ́rẹ́ níbi tó ti ń ká okùn rẹ̀, ó ní, "Màámi ní kó o sọ̀kalẹ̀."

Ọ̀kẹ́rẹ́ ń ká okùn lọ. "Màámi nìkan?"

Ìwúkàrà ń ha ìyẹ̀fun kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

"Iṣẹ́ tí mo mọ̀ nìyí," ni Ọ̀kẹ́rẹ́ wí. "Kò sí ibi tí mo ti ń rántí Ọlọ́run tó orí òpó. Ẹni tó wà nílẹ̀ máa ń rò pé ẹsẹ̀ òun ló gbé òun dúró. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé ìwọ fúnra rẹ lo fẹ́ bẹ́ẹ̀, sọ fún mi. Bó o bá ti ní bẹ́ẹ̀ ni, ó parí."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ló wí. "Èmi náà fẹ́ bẹ́ẹ̀. Mi ò lè máa fẹ́ ẹni tí mi ò lè wò."

Ọ̀kẹ́rẹ́ so okùn náà, ó gbé e fún un. "Ó dáa. Mo ti sọ̀kalẹ̀."

Ilé iṣẹ́ iná fi í sí sítọ̀ọ̀, ibi tí wọ́n ń kó wáyà àti irin sí. Inú ìyá Ìwúkàrà dùn débi pé òun fúnra rẹ̀ ló ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ ọmọ rẹ̀. Wọ́n bá pásítọ̀ sọ̀rọ̀, wọ́n dá ọjọ́, aránṣọ ti wọn aṣọ ìyàwó. Ní gbogbo àkókò yẹn, ọkàn Ìwúkàrà balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Bí ìjì bá ń jà, á máa po ìyẹ̀fun rẹ̀ lọ. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, àmọ́ nínú ọkàn rẹ̀ lọ́hùn-ún, ara rẹ̀ ló ń dúpẹ́ lọ́wọ́. Òun ló gba ẹni tí òun fẹ́ là.

Ọ̀sán gangan ni ìròyìn dé. Wọ́n ń já wáyà kúrò nínú lọ́rì ní àgbàlá sítọ̀ọ̀. Kẹ̀kẹ́ irin ńlá tí wọ́n fi ń wé wáyà yí bọ́, ó sì wó lu Ọ̀kẹ́rẹ́ níbi tó dúró sí. Kò kú. Àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún rún láti orúnkún.

Ìwúkàrà sáré dé ilé ìwòsàn pẹ̀lú ìyẹ̀fun lára. Ẹ̀gbọ́n Ọ̀kẹ́rẹ́ ọkùnrin jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, ó di orí mú. Kò wo ẹni tó dúró tì í. Ó ń dá sọ̀rọ̀ ni: "Ilẹ̀ ló wà o. Gbogbo ọdún tó fi gun òpó, kò fara gbọgbẹ́ rí. Ilẹ̀ ló wà."

Kò bá ẹnikẹ́ni wí. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà wọ Ìwúkàrà bí abẹ́rẹ́. Láti ẹnu ọ̀nà, ó rí Ọ̀kẹ́rẹ́ lórí ibùsùn, ojú rẹ̀ dì, oògùn ti mú un sùn. Ó rí ibi tí aṣọ ìbora ti ga tí wọ́n fi irin gbé e kúrò lórí ẹsẹ̀. Ta ló gbé e wá sílẹ̀? Ta ló ní kó sọ̀kalẹ̀? Ó fẹ́ wọlé, ẹsẹ̀ kọ̀. Ó yí padà, ó ń rìn lọ, ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun máa padà wá lọ́la.

Ọ̀la yẹn ò dé.

Ìyá Ààrò mú iṣẹ́ wá: "Ó ní kó o wá."

"Ẹ sọ fún un pé mò ń bọ̀."

Ìyá Ààrò tún dé: "Ó ní òun ò bínú. Ó ní kó o ṣáà wá."

"Mò ń bọ̀, mà."

Ìgbà kẹta, Ìyá Ààrò jókòó tì í nídìí ọpọ́n ìyẹ̀fun. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé torí ẹsẹ̀ rẹ̀ ni? Bó bá jẹ́ pé o ò lè fẹ́ ẹni tó ń tiro, sọ ọ́, kó mọ̀."

"Kì í ṣe torí ẹsẹ̀, mà. Ojú ni mi ò ní tí mo fẹ́ fi wò ó. Èmi ni mo gbé e síwájú kẹ̀kẹ́ wáyà yẹn."

"Ṣé ìwọ ni Ọlọ́run ni?"

Ìwúkàrà ki ọwọ́ bọ ọpọ́n. Ó ń po ìyẹ̀fun lọ, ó pò ó jù títí ó fi bàjẹ́. Ìyá Ààrò dìde, kò sì tún mú iṣẹ́ wá mọ́.

Ọjọ́ ìgbéyàwó tí wọ́n dá kọjá bí ọjọ́ lásán. Ìwúkàrà ní kí ọ̀gá máa fi òun síṣẹ́ lọ́jọ́ Ìsinmi, kó lè rí ohun tó máa wí bí wọ́n bá bi í pé kí ló dé tí wọn ò rí i ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kí ló fẹ́ lọ tọrọ níbẹ̀? Ìṣọ́? Baba rẹ̀ tọrọ ìṣọ́, ó já bọ́. Òun fúnra rẹ̀ gba iṣẹ́ ìṣọ́ náà ṣe, ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ọdún ń gorí ọdún. Ọkùnrin méjì kan wá fi ìfẹ́ lọ̀ ọ́, ó dá wọn padà kí wọ́n tó parí ọ̀rọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá rẹ̀ ń ká aṣọ lórí okùn, òun náà ń bá a gbà á. Ìyá náà ní, "Ọ̀kẹ́rẹ́ ń gbéyàwó ní Sátidé tó ń bọ̀. Mo rò pé ó yẹ kó o gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Arábìnrin tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì ni."

Ìwúkàrà di aṣọ ọwọ́ rẹ̀ mú. "Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Mo máa ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Láti ìgbà tó ti wà ní ilé ìwòsàn. Aṣọ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ lọ gbà fọ̀, torí mo mọ̀ pé èmi náà wà nínú ohun tó gbé e débẹ̀. Mo bi í pé, nígbà tí irin yẹn wó lù ọ́, níbo ni Ọlọ́run tí ò ń gbàdúrà sí wà? Ó ní, 'Màámi, ẹ̀gbẹ́ mi ló wà. N kò dá wà lábẹ́ irin yẹn.'" Ìyá náà jókòó sórí apẹ̀rẹ̀ tó dojú dé. "Mo délé, mo sunkún baba rẹ. Láti ọjọ́ tó ti kú, ohun tó ń jẹ mí nínú ni pé òun nìkan ló dá já bọ́. Mi ò rò ó rí pé ẹnì kan lè wà pẹ̀lú rẹ̀ títí tó fi dé ilẹ̀."

Ìwúkàrà gbé aṣọ náà sílẹ̀. "Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Ó ní kí n má fipá mú ọ. Ó ní bó o bá máa wá, kó jẹ́ ẹsẹ̀ rẹ ló máa gbé ọ wá. Mo gbà á gbọ́. Mo dúró pẹ́ jù, ọmọ mi. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, mo sì ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo ń tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ìwọ náà."

Ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ Ìwúkàrà gbé e. Ó bá Ọ̀kẹ́rẹ́ ní pápá kan lẹ́yìn ilé iṣẹ́ iná, níbi tó ti ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tuntun bí wọ́n ṣe ń gun òpó. Ó fara ti ọ̀pá ìtìlẹ̀, irun orí rẹ̀ ti ń funfun létí, ó ń pariwo sí ẹnì kan lókè pé kó má fi orúnkún gbá òpó mọ́ra bí ìyàwó. Nígbà tó rí Ìwúkàrà, ó yí padà sí i. Ó ní kí àwọn yòókù lọ sinmi.

"O wá," ló wí.

"Mo pẹ́."

"O pẹ́." Kò fi ìbínú sọ ọ́. "Mo dúró dè ọ́ títí. Ó sàn kéèyàn sọ pé òun ò wá mọ́. Ẹni tó ní òun ń bọ̀, kí lèèyàn fẹ́ ṣe sí i?"

"Èmi ni mo ní kó o sọ̀kalẹ̀. Mi ò lè wo ẹsẹ̀ yẹn."

Ọ̀kẹ́rẹ́ jókòó sórí ìdì wáyà kan, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ tó le. "Èmi fúnra mi ni mo gbà láti sọ̀kalẹ̀, n kò sì kábàámọ̀ rẹ̀ rí, torí ìwọ ni mo ṣe é fún. Ohun tó dùn mí kì í ṣe ẹsẹ̀. O rò pé ìwọ lo ń ṣọ́ mi. Ìdí nìyẹn tí o fi rò pé ìwọ lo jẹ́ kí n bọ́. Iṣẹ́ yẹn tóbi jù fún ọ. Ó tóbi jù fún ẹnikẹ́ni nínú wa."

Ìwúkàrà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó wù ú kó sọ pé, jọ̀ọ́, ṣé kò tíì pẹ́ jù? Ọ̀rọ̀ náà dé ètè rẹ̀. Ó wo ojú ọkùnrin náà, ó rí inú rere níbẹ̀, ó rí i pé ojú ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti fìdí kalẹ̀ síbòmíràn ni. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

"Dárí jì mí," ló wí dípò rẹ̀.

"Ó ti pẹ́ tí mo ti dárí jì ọ́. Ìwọ ló kù."

Ìwúkàrà lọ síbi ìgbéyàwó náà. Ìyá rẹ̀ ní kò pọn dandan, ọmọ ní òun máa lọ. Ó jókòó ti ìyá rẹ̀ lẹ́yìn, ó gbọ́ bí Ọ̀kẹ́rẹ́ ṣe jẹ́jẹ̀ẹ́ ketekete, ó sì rí i bí ìyàwó ṣe di apá rẹ̀ mú títí wọ́n fi sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn pẹpẹ. Gbogbo ìyẹn, òun ni ì bá ṣe é. Ó gún un lọ́kàn bí ohun tuntun, ó sì jókòó tì í, kò sá.

Lẹ́yìn ìsìn, nígbà tí èrò ti ń túká, ìyàwó wá bá a níbi tó dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ọmọ kékeré ni lójú rẹ̀, ojú rẹ̀ mọ́ra.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣé tí ẹ wá. Ọkọ mi ti sọ ọ̀rọ̀ yín fún mi, gbogbo ẹ̀. Ẹ má bínú, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan. Ilé iṣẹ́ iná ní kó máa lọ kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní àwọn ìlú tó jìn. Bó bá ti gbéra báyìí, àyà mi á máa já títí tó fi dé. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó kù díẹ̀ kí n ní kó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Kí lẹ rí sí i?"

Ìwúkàrà wo ọmọbìnrin náà. Ó lè sọ pé kí ló kan òun. Àmọ́ ó mọ ẹ̀rù yẹn, ó mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ ilé baba rẹ̀.

"Má sọ fún un," ló wí. "Ẹ̀rù yẹn ò ní tán, ìfẹ́ ló bí i. Bó bá ti dé, gbé e lọ sọ́dọ̀ Ọlọ́run, kó o sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Má gbé e lé ọkọ rẹ lórí. Ọlọ́run lè gbé e, ọkọ rẹ ò lè gbé e."

Ìyàwó mi orí. "Ṣé ó sì máa ń gbọ́?"

"Baba mi gbàdúrà, ó já bọ́," ni Ìwúkàrà wí. "Ọkọ rẹ gbàdúrà, irin wó lù ú. Mi ò ní purọ́ fún ọ pé nǹkan kan ò lè ṣe é. Àmọ́ èmi tí mo sá fún un ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí i pé kò sọ mí nù. Máa bá a sọ̀rọ̀ ṣáá."

Ọmọbìnrin náà dì mọ́ ọn, aṣọ funfun rẹ̀ ń ta pẹ́pẹ́ lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pè é pé ọkọ rẹ̀ ń wá a, ó sì sáré lọ.

Ìwúkàrà àti ìyá rẹ̀ mú ọ̀nà ilé pọ̀n. Ó sunkún láti ẹnu géètì títí wọ́n fi kọjá ilé búrẹ́dì, ìyá rẹ̀ ò sì ní kó dákẹ́. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó nu ojú rẹ̀ nù, ó ní, "Màámi, lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹ dúró dè mí ká jọ lọ."

Ìyá rẹ̀ ní, "Mo ti ń dúró dè ọ́ tipẹ́."